Àdín Ìyá Mi Lára Ẹyẹlé Atàkìtì

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sí òkè òkun, bàbá mi kò sí nílé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Gbogbo ará ilé ló pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ifọ̀. Ìyá mi ń sunkún, ó ń fi etí ìró nu ojú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìdí, tó ń gbé ní Lotto ní Mówè, ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti fi gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfúrufú. Bàbá mi nìkan ni a kò rí. Wọ́n ní ó ti jí lọ sóko ní Ìbógun kí ilẹ̀ tó mọ́, pé ẹ̀gẹ́ kan wà níbẹ̀ tí òun gbọ́dọ̀ wú. Ẹ̀gẹ́! Ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn ń lọ síbi tí kò mọ ìgbà tí yóò padà, ó lọ wú ẹ̀gẹ́.

Mo gbé ìbínú náà wọ ọkọ̀ òfúrufú. Wọ́n wọn gbogbo ẹrù mi, wọn kò wọn ìyẹn.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ bàbá mi ni mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé tó jẹ́ pé ibẹ̀ la ń sùn, òun ló sìn mí lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì sunkún tẹ̀lé e padà wálé. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹyẹlé ló kù tó ń sìn. Ó so agbọ̀n mọ́ abẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé wa, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń pamọ sí. Nínú ọmọ márùn-ún, èmi obìnrin tí mo kéré jù ni mo mọ bí a ti ń mú ẹyẹlé tí ìyẹ́ rẹ̀ kò ní ṣẹ́. Bàbá mi kọ́ mi pé tí a bá ra ẹyẹlé tuntun, a óò so ìyẹ́ rẹ̀ títí yóò fi pamọ nílé wa, nítorí ibi tí ẹyẹlé bá bímọ sí ni ilé rẹ̀. Ó tún kọ́ mi pé ẹyẹlé tó bá ń jẹun lọ́wọ́ èèyàn kì í bá ẹgbẹ́ fò pẹ́ mọ́. Ìgbàkígbà tó bá ti rí ẹni náà, yóò sọ̀kalẹ̀ wá bá a.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ń ṣe àdín tà. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò wa tí àdín rẹ̀ kò kàn lára. Ó di ìgò kan sínú àpótí mi. Ó ní, "Òtútù ibẹ̀ á máa la èèyàn lẹ́sẹ̀, fi máa para. Gìrì kan ò sì lè dúró níwájú ẹ̀."

Mo ní, "Ìyá mi, èmi ò tíì bímọ. Ta ni gìrì fẹ́ gbé?"

Ó ní, "Ṣáà máa gbé e lọ."

Ìlú tí mo dé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn ní ìlà gbọọrọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, oòrùn ràn, mo sì sáré jáde pẹ̀lú bùláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Oòrùn tó ń ràn tí kò mú, mi ò tíì rí irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí obìnrin tó jókòó tì mí, mo bi í bí ó ṣe jí. Ó dìde, ó lọ jókòó síwájú. Láti Ìbàfò sí Mówè péré, kí ọkọ̀ tó dé, o ó ti mọ iye ọmọ tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ bí àti ìjọ tó ń lọ. Níbí, mo lo oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo máa ń délé, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì kí ara mi, "Ẹ káàbọ̀ o." Màá tún dáhùn.

Iléeṣẹ́ kan tó ń rán èèyàn lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló gbà mí síṣẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Len ni wọ́n rán mi lọ. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́. Bí mo ṣe wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wo ilẹ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní Len. Len! Ẹni tó ju bàbá mi lọ! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pè é ní Dádì, ó ní òun kọ́ ni bàbá mi. A wá parí rẹ̀ sí Misita Len.

Ó ní ẹyẹlé. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló kọ́ ilé pákó sí fún wọn, ó sì ga débi pé èèyàn ní láti gun àkàbà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti ń gbọ́ wọn, inú mi sì ń dùn ní kọ̀rọ̀, nítorí bí ẹyẹlé ṣe ń ké ní Ifọ̀ náà ló ń ké níbẹ̀. Òun nìkan ni kò yí ohùn padà nílùú òyìnbó.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí n gòkè lọ bá òun ṣílẹ̀kùn wọn. Ẹyẹ tó lé lógún tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ga, wọ́n ń yí ká lórí òrùlé, mo gbójú sókè, ojú mi sì kún fún omi.

Àfi lójijì tí ọ̀kan nínú wọn dá orí sẹ́yìn, tó ń yí bìrí bìrí bìrí, tó sì ń bọ̀ nílẹ̀ bí òkò. Ó kù díẹ̀ kó kan òrùlé ló ta jí. Ó rá bàbà wá bà lé orí ilé pákó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Mo figbe ta. "Yéè! Gìrì! Gìrì ti gbé e o!"

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò wa, tí ọmọdé bá dá orí sẹ́yìn tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè ìbéèrè. Mo sáré wọlé, mo yọ ìgò ìyá mi, tí mo ń gbé dání nítorí òtútù, nínú báàgì. Mo mú ẹyẹ náà bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, mo sì fi àdín kùn ún láti orí dé ìrù. Mo gbé ìyẹ́ rẹ̀ sókè, mo kùn ún lábẹ́ apá. Mo ń kùn, mo ń gbàdúrà. Misita Len ń fi ọ̀pá lu gíláàsì fèrèsé gbà-gbà-gbà. Mo rò pé ó ń kí mi kú iṣẹ́ ni, mo juwọ́ sí i.

Nígbà tó fi ẹsẹ̀ wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Kí lo fi sí i lára?"

"Òróró ni, sà. Gìrì ló gbé e. Ara ẹ̀ ti ń balẹ̀ báyìí."

Ó wo ẹyẹ, ó wò mí. "Kò sí ohun tó ṣe é," ó ní. "Atàkìtì ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń so akọ àti abo pọ̀ kí n tó rí ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n ta bíi Peggy."

Peggy ni orúkọ ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ mi, tí àdín ń kán lára rẹ̀ tó-tó. Mo gbé e sílẹ̀. Ó na ìyẹ́, ó fò, ó ṣubú. Ó wá ń rìn kiri inú ọgbà bí adìyẹ tí òjò pa.

Susan, ọmọ Misita Len, dé lọ́sàn-án. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó bá mi fọ abọ́, ó sì ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún mi. Ọdọọdún ni adájọ́ kan máa ń lọ láti ilé dé ilé wo àwọn atàkìtì. Wọn á tú ogún ẹyẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn á fò fún ogún ìṣẹ́jú, adájọ́ á máa ka iye ìgbà tí wọ́n bá jọ yí pọ̀. Bí ẹyọ kan bá bà lé kí àkókò tó pé, kíkà parí nìyẹn. Peggy ló máa ń kọ́kọ́ yí, òun ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Susan ní òun àti bàbá òun ti jọ ṣe àdéhùn, nítorí ẹ̀mí òun kì í balẹ̀ tó bá ti ń gun àkàbà. Tí àwọn ẹyẹ náà kò bá bọ́ sí ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Colin, tó ń sin ẹyẹlé fún àfihàn nínú kéèjì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí adájọ́ dé.

"Ẹyẹ yẹn ló ń jí bàbá mi láàárọ̀," ó ní. Ó tún ní òun kò ní pe iléeṣẹ́ tó rán mi wá, pé ó hàn pé inú rere ni mo fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Mo ra káàdì ìpè, mo pe bàbá mi. Sìdí ti ra fóònù fún un, ṣùgbọ́n ó ní láti lọ dúró sórí pèpéle rélùwéè kí ohùn tó lè já gaara. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ, "Ọmọ mi ni o! Ó fi àdín kun ẹyẹlé òyìnbó!"

Lẹ́yìn náà ló ní, "Dúró ná. O ní ara ẹ̀ yá? O ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bí i kó lè máa ṣubú?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, Bàámi."

"Kí ni wọ́n wá ń rí gbádùn níbẹ̀? Ṣé tí ọmọ èèyàn bá ní wárápá, a máa ń pàtẹ́wọ́ fún un ni? Èmi ò sí níbẹ̀ o." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀. Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fi ọjọ́ kan sáàárín. Má jẹ́ kí òtútù mú un. Ẹnu ara ẹ̀ ló máa fi tún ìyẹ́ ẹ̀ ṣe. Tó bá wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ, o mọ ohun tó máa dà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàámi."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ náà wà lẹ́nu mi. Kò sí ìgbà tí mo pè é tí kò wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Sìdí náà pè mí láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìbàfò. "Ah-ah, torí ẹyẹlé? Kí o má lose job yẹn o! Ṣé kò sí chicken ní supermarket wọn ni? Ra ọ̀kan fún baba náà, kí ẹ settle!"

Mo wẹ Peggy nínú básíà tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Mo tẹ́ aṣọ ìnura sínú páálí, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìmúlégbóná nínú kíṣìnnì Misita Len. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kò jẹun, ó ń fi ojú kan ṣoṣo wò mí bí alákòóso tó ń wo òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé. Lọ́jọ́ kẹta ó jẹ àgbàdo lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, mo ní ẹni tí mò ń bá sọ Yorùbá. Màá dé, màá ní, "Peggy, o kú ilé." Á fi ẹnu kan bọ́tìnnì mi. Mo sọ fún un nípa ilé wa, nípa ìyá mi, nípa obìnrin inú bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún un nípa ẹ̀gẹ́. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ kó bá onílé mu, kó di ọjọ́ ìṣòro kó sá lọ. Èmi gan-an ni mo wà nínú ìṣòro, òun náà sì wà níbẹ̀, nítorí pé mo ti ba ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́, kò lè lọ síbì kankan.

Colin wá wò ó. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, ó fẹ́ràn ẹyẹ tọkàntọkàn, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ọṣẹ ti mú kí ara Peggy máa dán. Colin gbé e sókè, ó wo orí rẹ̀, ó wo ẹyinjú, ó wo bí ó ṣe ń dúró. "Len, fún mi ní èyí. Kò ní ṣubú mọ́ láyé. Kò sí ẹyẹ mi kan tó tíì fi orí sọ òrùlé ẹnikẹ́ni kú."

Misita Len ní, "Àwọn tìẹ ò tíì kú lóòótọ́. Ṣé wọ́n ti wà láàyè ná?"

"Ìwọ ń tú wọn sókè kí wọ́n lọ máa ṣubú, o wá ń pe ìyẹn ní ìfẹ́?"

"Kí lo sọ wọ́n dà? Òdòdó orí tábìlì!"

Wọ́n bá yíjú sí èmi tí mò ń po tíì. "Kí lèrò tìẹ?"

Wọn kò kọ́ mi láti dá sí ọ̀rọ̀ àgbà méjì. Mo ní, "Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń sọ, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sínú ìjà wọn. Ìlú yẹn ni mo ti mọ̀ pé tí o kò bá sọ èrò rẹ, wọn kì í gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n á gbà pé o kò ní èrò ni.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹyẹ yòókù wà lókè, akọ pupa kékeré kan dá orí sẹ́yìn, ó ń yí, ó ń yí, kò dúró. Ó balẹ̀ gbàà sórí òrùlé páànù aládùúgbò. Èmi ni mo lọ gbé e. Misita Len gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tún ìyẹ́ rẹ̀ tò. "Èmi ni mo pa á," ó ní. "Bàbá ẹ̀ ń ṣubú jìn, ìyá ẹ̀ ń ṣubú jìn, mo mọ̀, mo sì so wọ́n pọ̀. Ìwọra ni." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ sílé. Mo gbẹ́ ilẹ̀ sin ín sábẹ́ igi ápù. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi ni mo gbè lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé, Colin mú mi lọ síbi àfihàn wọn. Gbọ̀ngàn ńlá ni, kéèjì tò lọ rẹrẹẹrẹ, ẹyẹ kan nínú kéèjì kan. Adájọ́ wọ kóòtù funfun, ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Á fi ọ̀pá tọ́ ẹyẹ kó yí ẹ̀gbẹ́, á fi tọ́ ọ kó gbé àyà sókè, á kọ nǹkan sínú ìwé, á kọjá. Mo dúró síbẹ̀, ara mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rántí ọjọ́ tí mo lọ gba físà, bí obìnrin ẹ̀yìn gíláàsì ṣe wo fọ́tò mi, tó wo ojú mi, tó tún wo fọ́tò. Kò béèrè ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹyẹ tó gba ipò kìn-ín-ní rẹwà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo bi Colin pé, "Ṣé ó lè tàkìtì?" Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Bàbá bàbá ẹ̀ lè ta á."

Mo délé Misita Len ní Mọ́ńdè, mi ò tíì bọ́ kóòtù. Mo ní, "Misita Len, mo ní èrò."

Ó gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀.

"Mo ní ẹ máa sìn wọ́n, sà, kí wọ́n sì máa dájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni kí wọ́n ti máa dá a, kì í ṣe inú kéèjì. Ẹ má sì so èyí tó ń ṣubú jìn mọ́ èyí tó ń ṣubú jìn mọ́ láéláé. Ẹ yé máa yangàn pé ẹyẹ yín ṣubú ju ti ẹlòmíràn lọ. Èyí tó bá ṣubú, tó dá ara ẹ̀ dúró, tó padà lọ bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lókè, òun ni kí ẹ ka máàkì fún. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má sin wọ́n rárá. Àti pé bàbá mi bínú sí yín."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé lo ti wà nílé yìí," ó ní, "òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ. Sọ fún bàbá ẹ pé òun ló jàre."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí adájọ́ dé, mo gbé Peggy jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó fẹ́lẹ́, ó sì pé. Ó fò lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tàkìtì kan tó mú mi pariwo. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó rí mi. Ó já ara rẹ̀ gbà láàárín wọn, ó sì wá bà lé mi lórí.

Misita Len fọwọ́ bojú. "O ti sọ ẹyẹ mi di adìyẹ." A gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, orí mi ló tún bà lé. Láìsí Peggy, àwọn tó kù kò ní yí pọ̀. Tí Peggy bá sì wà níbẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ wá bá mi, kíkà á sì parí. Ọ̀nà méjèèjì já sínú páálí tí Colin máa fi kó wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí adájọ́ máa dé, Susan ti dé, Colin ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pẹ̀lú páálí mẹ́rin, ó ń tijú díẹ̀. Misita Len wọ ṣáátì funfun àti táì. Ó ní, "A máa fi Peggy sílẹ̀ sínú ilé."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo ilẹ̀. "Rárá, sà," mo ní. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo sọ rárá fún àgbà lójúkojú. "Ẹ tú u sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Èmi ni mi ò ní sí níbẹ̀."

"Ibo lo máa lọ?"

"Ibi tí kò ti ní rí mi."

Mo gbé kóòtù mi, mo fi híjáàbù tí Sìdí fún mi láti ilé wé orí, mo gba ojúlé iwájú jáde kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé ẹyẹ. Mo lọ dúró sí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní ìsàlẹ̀ òpópónà, lábẹ́ òrùlé rẹ̀, mo fún ara mi mọ́ ògiri. Láti etí òrùlé náà ni mo ti rí wọn tí wọ́n gòkè, ogún, wọ́n kéré bí ẹ̀wà. Wọ́n yí ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí ká lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń bẹ Peggy ní ohùn jẹ́jẹ́, "Má wá mi o. Jọ̀wọ́, má wá mi."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹ̀gẹ́. Mi ò mọ ohun tó gbé e wá. Mo ń fara pamọ́ fún ohun tí mo fẹ́ràn jù nílùú yẹn kó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo bá rí bàbá mi nínú oko rẹ̀ ní Ìbógun, bí ẹni pé ó dúró tì mí. Mo di irin ìjókòó ibùdókọ̀ náà mú.

Obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì wò mí. "Kí lò ń wò?" Òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ nílùú yẹn tí mi ò kọ́kọ́ kí. Mo nawọ́ sókè. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹyẹ kan dá orí sẹ́yìn, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń bọ̀ bìrí bìrí.

"Ọlọ́run mi, wọ́n ń ṣubú!" obìnrin náà wí.

"Rárá," mo ní. "Ẹ dúró, ẹ máa wò ó."

Wọ́n dúró láàárín òfúrufú. Wọ́n na ìyẹ́. Wọ́n padà sókè. Bọ́ọ̀sì obìnrin náà dé, kò wọ̀ ọ́.

Susan ló sáré wá pè mí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, tí bàtà rẹ̀ kan ti fẹ́ bọ́. Ẹyọ kan kò bà lé. Adájọ́ ní nínú gbogbo ilé tí òun ti dé, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì wà níwájú Misita Len, ilé yìí ló sì kẹ́yìn. Ipò kejì! Colin ti ń di páálí rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó bọ bàbá lọ́wọ́. Bí mo ṣe yọ orí sínú ọgbà, Peggy fi òrùlé sílẹ̀, ó sì wá bà lé orí híjáàbù Sìdí. Adájọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bi Misita Len pé, "Ta ló ni èyí?"

Misita Len fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí mi. "Tiẹ̀ ni," ó ní.

Mo pe bàbá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbọ́ atẹ́gùn orí pèpéle rélùwéè. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe fò, bí wọ́n ṣe yí, ibi tí mo fara pamọ́ sí.

"Ó padà wálé ṣá?" ó ní.

"Ó padà, Bàámi. Orí mi ló bà lé."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kó rín in tán.

"Bàámi, ẹ̀gẹ́ tí ẹ lọ wú ní Ìbógun lọ́jọ́ tí mò ń lọ..."

Ó dákẹ́. Mo rò pé káàdì mi ti tán.

"Kò sí ẹ̀gẹ́ kankan," ó ní. "Mo ti wú u tán lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ṣé o mọ ara ẹ. Tó o bá fi ojú kàn mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, o ò ní wọ ọkọ̀." Ó ní, "Ìdí ọ̀pẹ ni mo jókòó sí. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ òfúrufú kan kọjá. Mo dìde, mo juwọ́ sí i títí mi ò fi rí i mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá tìẹ ni."